Ẹ̀wà Kàlàbá, Igi Asofẹ́yẹjẹ àti Ìtàn Ìmọ̀ nípa Iṣan Adáṣiṣẹ́ inú Ara

Ìfáárà

Kí ilé tó bẹ̀rẹ̀ sí í gba ilẹ̀ mọ́ àgbẹ̀ lọ́wọ́, abúlé oko ni Ajíbọ̀dé jẹ́ ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Akínyẹlé, lẹ́yìn ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn. Níbẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní gbogbo àyíká Ìbàdàn, ìgò kékeré kan wọ́pọ̀ nínú ilé àti lórí àtẹ: otapíápíá, oògùn tí wọ́n fi ń pa ẹ̀fọn àti aáyán, tí àwọn mìíràn sì ń wọ́n sí ẹ̀wà kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́. Bí ọmọdé bá ṣèèṣì mu oògùn yìí, itọ́ yóò máa dà lẹ́nu rẹ̀, omijé yóò máa ṣàn lójú rẹ̀, inú yóò máa lọ́ ọ, ìgbẹ́ àti ìtọ̀ lè bọ́ lára rẹ̀ láìmọ̀, ọmọ ojú rẹ̀ yóò sún kì títí yóò fi dà bí orí abẹ́rẹ́. Bí ìrànlọ́wọ́ kò bá tètè dé, mímí rẹ̀ yóò dúró. Ojú, ẹnu, ìfun, àpò ìtọ̀, ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró ni ó kàn lẹ́ẹ̀kan náà. Kí ni ó so gbogbo ẹ̀yà ara wọ̀nyí pọ̀?

Ìdáhùn rẹ̀ ni àwọn iṣan tí ń darí ẹ̀yà inú ara láìgba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni. Àwọn ìwé tí a fi ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ nípa ara máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ní Cambridge àti ní ilẹ̀ Jámánì nìkan ni a ti rí ìmọ̀ yìí. Èrò tí àpilẹ̀kọ yìí gbé kalẹ̀ ni pé èso kan láti Kàlàbá wà lára irinṣẹ́ tí a fi tú àṣírí iṣan wọ̀nyí, pé igi kan tí àwọn oníṣègùn Yorùbá ti mọ̀ tipẹ́ ń ṣiṣẹ́ lára apá kejì wọn, àti pé ẹni tí kò bá mọ ìtàn yìí kò ní rí i pé otapíápíá àti ẹ̀wà Kàlàbá ń pa ènìyàn ní ọ̀nà kan ṣoṣo.

Iṣẹ́ tí a kì í rán ara ní

Èdè Yorùbá ti ṣe àkíyèsí iṣẹ́ àwọn iṣan wọ̀nyí kí onímọ̀ kankan tó sọ wọ́n lórúkọ. Bí ejò bá ṣàdédé yọ sí àgbẹ̀ lọ́nà oko, a ó ní àyà rẹ̀ já, orí rẹ̀ wú, ẹnu rẹ̀ gbẹ, òógùn sì bò ó. Kò rán ọkàn rẹ̀ pé kí ó yára lù, kò sì sọ fún itọ́ pé kí ó dá dúró. Nígbà tí ó bá délé, tí ó jẹun yó, tí ó sì fẹ̀yìn ti ògiri, a ó ní ọkàn rẹ̀ balẹ̀, ara rẹ̀ sì balẹ̀. Itọ́ ti padà sí ẹnu, ìfun sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í lọ oúnjẹ. Ìṣe méjèèjì yìí bá ẹ̀ka méjì tí àwọn onímọ̀ rí nínú iṣan adáṣiṣẹ́ mu. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a ó pe ti àkọ́kọ́ ní ẹ̀ka amúragírí, a ó sì pe èkejì ní ẹ̀ka amárabalẹ̀.

Ó yẹ kí olùkọ́ kíyè sí ọ̀rọ̀ náà, iṣan, dáadáa. Yorùbá a máa pe ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà ní iṣan, a máa pe ẹran ara tí ń sún kì ní iṣan, a sì tún máa pe okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tí ń gbé iṣẹ́ ọpọlọ káàkiri ara ní iṣan. Èyí tí ó kẹ́yìn yìí ni iṣan ìmọ̀lára, òun sì ni ọ̀rọ̀ dá lé lórí níhìn-ín. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ni ó ti kọ ìsọkúsọ sínú ìdánwò nítorí pé olùkọ́ wọn kò là á fún wọn.

Inú mùdùnmúdùn eegun ẹ̀yìn, láti àyà títí dé òkè ìbàdí, ni àwọn iṣan amúragírí ti ń jáde. Wọ́n a pàdé ní àwọn kókó tí ó tò sí ẹ̀gbẹ́ eegun ẹ̀yìn kí wọ́n tó lọ sí ọkàn, ojú, ìfun àti ara iṣan ẹ̀jẹ̀. Wọ́n tún ń dé ọ̀dọ̀ ẹṣẹ́ kékeré kan tí ó wà lórí kíndìnrín, èyí tí ń tú adrenaline sínú ẹ̀jẹ̀. Ti ẹ̀ka amárabalẹ̀ yàtọ̀: ìsàlẹ̀ ọpọlọ àti ìsàlẹ̀ eegun ẹ̀yìn ni ó ti ń jáde. Èyí tí ó gbajúmọ̀ jù nínú wọn ni iṣan vagus, tí ó gba ọrùn sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ọkàn, ẹ̀dọ̀fóró, àpòlúkù àti ìfun.

Kì í ṣe pé ẹ̀ka kan ń ṣiṣẹ́ kí èkejì sì máa sùn. Bí a bá gba gbogbo iṣan wọ̀nyí kúrò lára ọkàn, ọkàn náà yóò máa lù fúnra rẹ̀ ní nǹkan bí ìgbà 100 ní ìṣẹ́jú kan. Iye tí ọkàn ẹni tí ó jókòó jẹ́ẹ́ sì ń lù súnmọ́ 70. Iṣan vagus ni ó ń fa ìjánu rẹ̀ lọ́sàn-án àti lóru. Bí ènìyàn bá dìde láti sáré, ohun àkọ́kọ́ tí ó ń ṣẹlẹ̀ ni pé vagus dẹ ìjánu náà, lẹ́yìn èyí ni ẹ̀ka amúragírí yóò wá na ẹgba. Akẹ́kọ̀ọ́ lè fi ìka kan ọrùn ọwọ́ ara rẹ̀ kí ó ka lílù rẹ̀ ní ìjókòó, kí ó sáré yí pápá ká, kí ó tún un kà. Kò sí ohun èlò tí ẹ̀kọ́ yìí fẹ́ ju aago lọ.

Lọ́dún 1898 ni John Newport Langley, onímọ̀ ní Cambridge, fún àwọn iṣan wọ̀nyí ní orúkọ tí gbogbo ayé ń pè wọ́n lónìí, lọ́dún 1905 ni ó sì fún ẹ̀ka amárabalẹ̀ ní orúkọ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n orúkọ kò tíì ṣàlàyé ohun kan: báwo ni iṣan ṣe ń bá ẹ̀yà ara sọ̀rọ̀? Ṣé iná mànàmáná ni ó ń fò láti ara iṣan bọ́ sí ara ọkàn ni, àbí ohun mìíràn? Ibí yìí ni ẹ̀wà Kàlàbá ti wọ inú ìtàn.

Èso tí ó ń dájọ́

Láàrin àwọn Ẹ̀fíìkì ní Kàlàbá, èso ìtàkùn kan wà tí wọ́n ń pè ní esere. Ó jọ ẹ̀wà ńlá, àwọ̀ rẹ̀ pọ́n dúdú. Bí wọ́n bá fẹ̀sùn àjẹ́ kan ènìyàn, wọn a lọ èso náà sínú omi, wọn a sì fún un mu. Bí ó bá bì í, ó jàre. Bí ó bá kú, wọn a ní ẹ̀rí ti dé. Dókítà William Freeman Daniell ròyìn àṣà yìí lọ́dún 1846, ọdún kan náà tí àwọn míṣọ́nnárì ìjọ Presbyterian láti Scotland dé Kàlàbá. Nípasẹ̀ àwọn míṣọ́nnárì wọ̀nyí ni èso náà fi dé Edinburgh.

Àwọn kan ti ṣàlàyé pé ẹni tí ó mọ̀ pé òun kò jẹ̀bi a máa gbé e mì lẹ́ẹ̀kan, èyí a sì mú kí ó bì. Pé ẹni tí ẹ̀rí ọkàn ń dá lẹ́bi ni ó ń rọra mu ún díẹ̀díẹ̀, tí májèlé náà fi ń ráyè wọ inú ẹ̀jẹ̀. Àlàyé náà dùn létí, ṣùgbọ́n kò tó láti dá àṣà náà láre. Ẹni tí kò mọwọ́-mẹsẹ̀ náà lè bẹ̀rù, kí ẹnu rẹ̀ gbẹ, kí ọ̀fun rẹ̀ sì fún. Ẹ̀ka amúragírí kò mọ olódodo yàtọ̀ sí ẹlẹ́ṣẹ̀. Kò sí bí a ṣe lè ka iye àwọn aláìṣẹ̀ tí esere ti pa.

Ní Edinburgh, Ọ̀jọ̀gbọ́n Robert Christison fẹ́ mọ agbára èso náà, ó sì jẹ díẹ̀ nínú rẹ̀ lọ́dún 1855. Kò pẹ́ tí òòyì fi ń kọ́ ọ, tí ara rẹ̀ kò gbé e mọ́, tí ọkàn rẹ̀ sì ń lù lọ́nà àìtọ́. Omi ọṣẹ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi fá irùngbọ̀n rẹ̀ tán ni ó gbé mu kí ó lè bì. Ó bì, ó sì yè. Ẹni tí ó tẹ̀ lé e, Thomas Fraser, kò fi ara rẹ̀ wewu tó bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 1862 ni ó kọ ìwé oyè rẹ̀ lórí èso yìí ní Yunifásítì Edinburgh. Ó rí i pé ó ń mú kí ọkàn rọra lù, ó sì ń mú kí ọmọ ojú sún kì. Ọ̀rẹ́ rẹ̀, Douglas Argyll Robertson, tí ó jẹ́ dókítà ojú, kan oje rẹ̀ sí ojú ara rẹ̀, ó sì tẹ ìròyìn rẹ̀ jáde lọ́dún 1863.

Ọdún kejì rẹ̀ ni àwọn ẹlẹ́wọ̀n kan ní Prague ṣèèṣì mu atropine, oògùn tí ń la ọmọ ojú tí ó sì ń mú ọkàn sáré. Dókítà Kleinwächter fún wọn ní ẹ̀wà Kàlàbá, ẹni tí ó fún sì bọ́. Báyìí ni ó ṣe hàn pé oògùn méjèèjì ń jà lórí ẹ̀yà ara kan náà, tí ọ̀kan ń fa ohun tí èkejì ń tú. Ọdún 1864 yìí kan náà ni Jobst àti Hesse ní Jámánì yọ ògidì oògùn inú rẹ̀, tí wọ́n sọ ní physostigmine. Àwọn ará Faransé tí wọ́n yọ ọ́ lọ́dún tí ó tẹ̀ lé e pè é ní eserine, orúkọ Ẹ̀fíìkì náà gan-an. Láti ọdún 1876 ni Ludwig Laqueur ní Strasbourg ti ń fi tọ́jú àrùn ojú tí omi inú ẹyinjú máa ń le jù, àrùn tí ń ṣe òun fúnra rẹ̀ pẹ̀lú.

Ọkàn àkèré méjì

Lọ́dún 1921, Otto Loewi ní ìlú Graz, ní Austria, gbé ọkàn àkèré méjì sínú omi oníyọ̀. Iṣan vagus ṣì wà lára ti àkọ́kọ́, kò sí lára èkejì. Ó fi iná mànàmáná ta vagus ti àkọ́kọ́ jí, ọkàn náà sì rọra ń lù. Ó wá bu omi tí ó yí ọkàn yìí ká, ó dà á sí èkejì. Èkejì náà rọra ń lù bákan náà, bẹ́ẹ̀ kò sí iṣan kankan tí ó kàn án. Ohun kan ni iṣan tú sínú omi. Ohun yìí ni a wá mọ̀ ní acetylcholine, èròjà tí Henry Dale ti ṣàlàyé agbára rẹ̀ ní London lọ́dún 1914, tí òun àti Dudley sì rí nínú ara ẹranko lọ́dún 1929. Àwọn méjèèjì, Loewi àti Dale, jọ gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 1936.

Apá tí ìwé kíkà sábà máa ń fò nìyí: kí ni ó dé tí ọkàn tí vagus ti mú rọra tún fi ń yára láìpẹ́? Lọ́dún 1926, Loewi àti Navratil fi hàn pé nǹkan kan wà nínú ara tí ń ba acetylcholine jẹ́ kété tí ó bá ti jíṣẹ́ tán, bí àwọn agbálẹ̀ ọjà ṣe máa ń gbá pàǹtírí kúrò kí ọjà mìíràn lè ná. Eserine ni wọ́n fi mọ̀. Bí wọ́n bá fi díẹ̀ nínú rẹ̀ sí i, agbálẹ̀ náà kò lè ṣiṣẹ́ mọ́, iṣẹ́ vagus a sì pẹ́ lára ọkàn. Ohun tí ń pa ẹni tí a fún ní esere mu wá hàn gbangba: èròjà ara rẹ̀ ni, tí ó pọ̀ jọ láìrí ẹni gbá a, tí ó fi ń pàṣẹ fún ẹṣẹ́ itọ́, ìfun, ọmọ ojú àti ọkàn láìdáwọ́ dúró. Ó kan àwọn ẹran ara tí a fi ń mí pẹ̀lú, níbẹ̀ ni ikú sì ti ń wọlé.

Kò yẹ kí a gbójú fo Percy Julian nínú ọ̀rọ̀ yìí. Aláwọ̀ dúdú ni ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tí bàbá àgbà rẹ̀ ti jẹ́ ẹrú. Òun àti Josef Pikl ni wọ́n ṣe physostigmine látìbẹ̀rẹ̀ láìlo èso náà rárá, lọ́dún 1935.

Asofẹ́yẹjẹ ní Aró

Bí esere ti kọ́ ayé nípa ẹ̀ka amárabalẹ̀, igi mìíràn wà tí iṣẹ́ rẹ̀ dá lórí ẹ̀ka amúragírí. Asofẹ́yẹjẹ ni Yorùbá ń pè é nítorí èso rẹ̀ tí ẹyẹ fẹ́ràn. Àwọn oníṣègùn Yorùbá ti ń fi gbòǹgbò rẹ̀ tọ́jú wèrè tipẹ́. Wọn a fún aláìsàn tí ń pariwo, tí ń fa aṣọ ya, oorun a gbé e lọ, ara rẹ̀ a sì rọ̀.

Ní Íńdíà, igi tí ó jẹ́ mọ̀lẹ́bí rẹ̀ ni wọ́n ń lò. Sen àti Bose kọ̀wé lọ́dún 1931 pé ó ń tọ́jú wèrè, ó sì ń mú ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀. Lọ́dún 1952 ni àwọn onímọ̀ ilé-iṣẹ́ Ciba ní Switzerland yọ reserpine lára igi ti Íńdíà yìí. Asofẹ́yẹjẹ ilẹ̀ Áfíríkà náà ní reserpine nínú. Ní Abẹ́òkúta, níbi tí Dókítà Thomas Adéoyè Lámbò ti bẹ̀rẹ̀ ètò ìtọ́jú alárùn ọpọlọ láàrin abúlé ní Aró lọ́dún 1954, tí ó sì ń bá àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ ṣiṣẹ́ pọ̀, ni Raymond Prince, dókítà ọmọ ilẹ̀ Kánádà, ti rí bí wọ́n ṣe ń lò ó. Lọ́dún 1960 ni ó tẹ ìwádìí rẹ̀ lórí èyí jáde nínú ìwé ìròyìn àwọn dókítà ọpọlọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà.

Bí reserpine ṣe ń ṣiṣẹ́ kò ṣòro láti là yé akẹ́kọ̀ọ́. Noradrenaline ni èròjà tí iṣan amúragírí ń tú jáde. Àwọn àpò tín-ín-tìn-ìn-tín ni ó ń kó o pamọ́ sí ní orí iṣan. Reserpine kì í jẹ́ kí àwọn àpò yìí gba ọjà tuntun, títí ìsọ̀ yóò fi ṣófo. Iṣan a pàṣẹ, ṣùgbọ́n kò ní ohun tí yóò fi ránṣẹ́. Iṣan ẹ̀jẹ̀ a dẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru a wálẹ̀. Ẹ̀ka amárabalẹ̀ a wá dá nìkan ṣe ọba: ọkàn a rọra lù, imú a dí, ìgbẹ́ a máa yọ ènìyàn lẹ́nu. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà tí ó ti lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí ń jẹ́ Brinerdin ti jẹ reserpine láìmọ̀ pé mọ̀lẹ́bí egbò ẹ̀yìnkùlé wọn ni.

Ó yẹ kí a sọ ọ́ bí ó ti rí. Oníṣègùn mọ ohun tí asofẹ́yẹjẹ ń ṣe, kò sì mọ noradrenaline. Onímọ̀ Basel mọ bí a ti ń wọn oògùn, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni ó kọ́kọ́ rí i pé igi náà ń mú wèrè dákẹ́. Ẹni tí ó bá ní kí a gbé gbogbo ògo fún ọ̀kan nínú wọn ti fi ìtàn sílẹ̀. Ewu sì ń bẹ nínú egbò tí a kò wọ̀n, nítorí pé ìwọ̀n tí ń mú ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀ kò jìnnà púpọ̀ sí èyí tí ń fa ìbànújẹ́ ọkàn líle.

Esere tí ó pa orúkọ dà

Lọ́dún 1936, Gerhard Schrader ń wá oògùn apakòkòrò tuntun ní ilé-iṣẹ́ kan ní Jámánì. Ohun tí ó rí le tó bẹ́ẹ̀ tí ìjọba Hitler fi sọ ọ́ di ohun ìjà ogun. Láti inú ìdílé èròjà yìí ni ọ̀pọ̀ apakòkòrò òde òní ti jáde, dichlorvos sì wà lára wọn. Dichlorvos ni ó wà nínú ọ̀pọ̀ otapíápíá. Agbálẹ̀ tí Loewi fi eserine mọ̀ ni ó ń dè lọ́wọ́, ìdè rẹ̀ sì le ju ti eserine lọ, nítorí pé esere a máa jọ̀wọ́ agbálẹ̀ náà lẹ́yìn wákàtí mélòó kan, ṣùgbọ́n dichlorvos lè dè é pa pátápátá. Kòkòrò ní agbálẹ̀ yìí nínú ara, ènìyàn náà ní in. Oògùn náà kò mọ ìyàtọ̀.

Nítorí náà, ẹni tí ó wọ́n dichlorvos sí àpò ẹ̀wà ti sọ ẹ̀wà jíjẹ di ìbátan ẹ̀wà Kàlàbá, bí ìwọ̀n rẹ̀ tilẹ̀ kéré. Lọ́dún 2015 ni Àjọ Ìṣọ̀kan Ilẹ̀ Yúróòpù fòfin de ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà. Wọ́n rí dichlorvos tí ó tó míligíráàmù 0.03 sí 4.6 nínú kílógíráàmù ẹ̀wà kan, nígbà tí òfin wọn kò gbà ju 0.01 lọ. Wọ́n tún fa ìfòfindè náà gùn lẹ́yìn ìgbà náà. Lọ́dún 2019, NAFDAC pàṣẹ pé kí a dẹ́kun títa ìgò kéékèèké oògùn yìí láàrin ìlú. Àwọn ọ̀nà mìíràn sì wà: àpò onípele mẹ́ta tí Larry Murdock àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti Yunifásítì Purdue bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lé lórí ní Kamẹrúùnù kò lo oògùn kankan. Afẹ́fẹ́ kò lè wọ inú rẹ̀, kòkòrò tí ó bá wà níbẹ̀ a sì kú tàbí kí ó má lè bí sí i.

Epo pupa ni ọ̀pọ̀ ilé máa ń kọ́kọ́ rọ sí ẹnu ẹni tí ó mu májèlé. Epo kò tú agbálẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tí itọ́ àti èébì ti kún ẹnu rẹ̀ sì lè fà á sínú ẹ̀dọ̀fóró. Ohun tí ó tọ́ ni kí a bọ́ aṣọ tí oògùn ta sí, kí a fi omi àti ọṣẹ wẹ ara rẹ̀, kí a má ṣe jẹ́ kí ó kan ara tiwa, kí a sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá, pẹ̀lú ìgò náà lọ́wọ́. Atropine ni dókítà yóò fún un níbẹ̀, oògùn tí àwọn ẹlẹ́wọ̀n Prague ṣèèṣì mu. Lọ́dún 1864, ẹ̀wà Kàlàbá ni wọ́n fi tú u. Nísinsìnyí òun ni a fi ń tú ìbátan ẹ̀wà Kàlàbá. Kí dókítà náà tó fa abẹ́rẹ́ rẹ̀, yóò tan tọ́ọ̀ṣì sí ojú aláìsàn láti wo ọmọ ojú rẹ̀, ibi tí Fraser náà ti wò.